Ilé Amọ̀ Tí A Jà Fún Ní Ìsọlọ̀

Ó ku nǹkan bí ọdún méjì kí Nàìjíríà gba òmìnira nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Rélùwéè ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi sì ni akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa ní Òṣòdì. Mi ò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Mo ní kẹ̀kẹ́ kan, mo ní ohùn tó ń lọ sókè, mo sì gbà tọkàntọkàn pé kò sí ìṣòro tí ìpàdé àti ìwé ẹ̀hónú kò lè yanjú. Akọ̀wé ni gbogbo ènìyàn ń pè mí, kódà àwọn tí kò mọ orúkọ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Òṣòdì bó ṣe rí lónìí, ẹ máa rò pé irọ́ ni mò ń pa, àmọ́ igbó ló wà láàárín Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ nígbà náà. Ẹni tó bá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin yóò gba ọ̀nà oko, yóò kọjá odò kékeré kan tí wọ́n fi pákó ṣe afárá rẹ̀, kó tó rí Ìsọlọ̀. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń gbìn síbi tí Jakande Estate wà báyìí. Ẹnikẹ́ni kò tíì lá àlá àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Àgọ́ Palace lónìí.

Ohun tí èèyàn máa kọ́kọ́ rí bó bá ti gun òkè odò náà ni òrùlé ilé ìwòsàn. Ilé yẹn dàgbà ju gbogbo wa lọ. Ìgbà tí rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ la igbó Òṣòdì kọjá ni ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kan ní kí wọ́n kọ́ ọ, kí òun lè máa sùn síbẹ̀ bí òun bá wá gbọ́ ẹjọ́. Nígbà tó yá, ajẹ́lẹ̀ kò wá mọ́, wọ́n bá sọ ọ́ di ilé ìwòsàn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká. Páànù orí rẹ̀ yọ síta gan-an, bí ẹni dé fìlà tó tóbi ju orí rẹ̀ lọ. Ògiri rẹ̀ funfun, ó sì le lójú. Inú yàrá kan níbẹ̀ ni Màmá Nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí tí káńsù gbé wá, ti ń gbẹ̀bí fún àwọn obìnrin Ìsọlọ̀ àti Òṣòdì àti gbogbo abúlé tó wà láàárín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wolé-wolé gbé àkàsọ̀ wá, ó gùn ún, ó wo òrùlé, ó sọ̀ kalẹ̀, ó kọ̀wé. Kò pẹ́ sígbà náà ni káńsù lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé òrùlé ilé náà ti dípẹtà, ó lè pa èèyàn, àwọn máa wó o. Gbogbo wa la mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni káńsù fẹ́ kọ́ síbẹ̀ fún ọ́fíìsì ara wọn, kí òmìnira lè bá wọn níbi gíga. Wọ́n ní ilé ìwòsàn mìíràn ń bọ̀. Wọn kò sọ ibi tó ń gbà bọ̀.

Màmá Nọ́ọ̀sì ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpàdé wa ní Òṣòdì, torí káńsù kò dá a lóhùn. Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ lọ́jọ́ náà ṣì ń tì mí lójú. Mo dìde, mo ní, "Ẹ̀yin ará, ilé òyìnbó ni. Òyìnbó ń kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí ilé rẹ̀ tẹ̀ lé e!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo fẹ́ràn àtẹ́wọ́ púpọ̀.

Bàbá kan dìde lẹ́yìn. Ọmọ bíbí Ìsọlọ̀ ni, Bàbá Súlè ni wọ́n ń pè é, bíríkìlà ni kó tó dàgbà tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Òun ló tẹ̀ lé Màmá Nọ́ọ̀sì wá.

"Akọ̀wé," ó ní, "òyìnbó wo ló po amọ̀ rẹ̀?"

"Bàbá, ṣebí ajẹ́lẹ̀ ló kọ́ ọ."

"Ajẹ́lẹ̀ jókòó sórí àga. Bàbá mi ló po amọ̀. Wọ́n fi túláàsì mú un lóko, òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn kan gbáko ló fi tẹ amọ̀ yẹn, iṣu rẹ̀ jẹrà sínú ebè. Nígbà tó darúgbó, á ní kí n mú òun lọ síbẹ̀. Á fọwọ́ kan ògiri, á ní, 'Èyí ni tiwa.' Kò fi ilé mìíràn sílẹ̀ fún mi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n wó o nítorí òyìnbó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ sọ fún bàbá mi ní sàréè pé òyìnbó ni."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún un. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n olóṣèlú ni mí, kíá ni mo yí ohùn padà. Kí ìpàdé tó tú ká, èmi kan náà ló ń pariwo pé ẹnikẹ́ni kò ní wó ilé tí àwọn bàbá wa fi òógùn wọn kọ́. A dìbò, a fẹnu kò sí i pé a máa jà.

Èmi ni mo ronú ọgbọ́n tí a fi jà. Káńsù ní òrùlé ló bàjẹ́, àbí? Ó dáa, àwa fúnra wa máa pààrọ̀ òrùlé, ká wo ẹjọ́ tí wọ́n tún máa rò. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dáwó, a ra páànù tuntun, ọkọ̀ ojú irin gbé e dé Òṣòdì. Mo fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ parí ní Sátidé kan ṣoṣo. Láàárọ̀, àwọn ọkùnrin máa ṣí ògbólógbòó páànù. Lọ́sàn-án, àwọn obìnrin máa ru tuntun láti Òṣòdì pẹ̀lú orin. Nírọ̀lẹ́, ilé ti bò. Mo ti ránṣẹ́ sí àwọn oníwèé ìròyìn pé kí wọ́n gbé kámẹ́rà wá.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, Bàbá Súlè fẹsẹ̀ rìn láti Ìsọlọ̀ wá bá mi nínú yàrá mi ní Òṣòdì. Kò jókòó.

"Akọ̀wé, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ ṣí gbogbo orí ilé yẹn lẹ́ẹ̀kan náà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, a ti bò ó."

"A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí ilé amọ̀ nígbà òjò. Apá kan là ń ṣí. Tá a bá bo ìyẹn tán, a ṣí apá kejì. Bó gba ọjọ́ mẹ́rin, kó gbà á."

"Ṣé amọ̀ yẹn ló ṣì wà níbẹ̀? Ṣebí sìmẹ́ńtì ni mò ń rí lára rẹ̀, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín. "Aṣọ ni sìmẹ́ńtì yẹn. Ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Amọ̀ ni látòkè délẹ̀. Òrùlé yẹn ló ń jẹ́ kó máa jẹ́ ògiri. Bómi bá fi lè gba orí wọ̀ ọ́, ó ti tán."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Àwọn oníwèé ìròyìn ò lè máa wá fún ọjọ́ mẹ́rin."

Ó ní, "Ṣé oníwèé ìròyìn la fẹ́ bo ilé fún ni?"

Mo bú sẹ́rìn-ín, mo fà á lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà, mo ní, "Ẹ wá wo bá a ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé." Irin ni iṣẹ́ mi, irin kì í sì í bẹ̀rù òjò ọjọ́ kan. Mo mọ òwe tó ní ohun tí àgbà bá fìdí jókòó rí, bí ọmọdé bá gorí igi kò lè rí i. Mo ti pa á fún ẹlòmíràn rí. Kò wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ náà pé orí òrùlé ni mo fẹ́ gùn.

Ojú ọ̀run mọ́ kedere ní Sátidé. Màmá Nọ́ọ̀sì ti kó ibùsùn àti oògùn rẹ̀ lọ sílé alágbà ìjọ kan nítòsí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa bo orí ilé náà, ìṣó ń han bí wọ́n ṣe ń fà á yọ, àwọn ará Ìsọlọ̀ dúró yí ká, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń fi wolé-wolé ṣe yẹ̀yẹ́. Kí oòrùn tó kàn àtàrí, gbogbo páànù ti wà nílẹ̀. Oníwèé ìròyìn ya fọ́tò mi níbi tí mo dúró sí lórí ògiri, ọwọ́ mi ní ìbàdí.

Orí ògiri yẹn ni mo wà nígbà tí mo wo abẹ́ ẹsẹ̀ mi. Amọ̀ pupa ni lóòótọ́, koríko gbígbẹ wà nínú rẹ̀. Ojú ìka ẹnì kan wà níbẹ̀, mẹ́rin, ó hàn gbangba bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Mo gbé ìka tèmi lé e. Ọwọ́ onítọ̀hún tóbi ju tèmi lọ. Mo yíjú sí ọ̀nà odò, mo ń retí páànù.

A ń gbọ́ orin àwọn obìnrin láti apá odò. Ó ń sún mọ́ wa. Lẹ́yìn náà ni orin náà dákẹ́.

Mo sáré lọ. Àwọn ọlọ́pàá ni mo bá lórí afárá pákó, àwọn obìnrin wa wà lódìkejì, páànù wà lórí wọn. Sájẹ́ńtì fi ìwé hàn mí. Káńsù ti gba àṣẹ kóòtù pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan ilé náà títí tí wọ́n máa fi gbọ́ ẹjọ́, ní ọ̀sẹ̀ méjì sígbà náà.

"Sájẹ́ńtì," mo ní, "kò sí òrùlé lórí ilé yẹn báyìí. Ẹ jẹ́ ká bò ó ná, ká tó máa sọ ti kóòtù."

"Ìwé ní kẹ́nì kankan má fọwọ́ kàn án, ọ̀gá. Ṣé bíbò kì í ṣe fífọwọ́ kàn ni?"

"Òjò ńkọ́?"

"Wọn ò kọ òjò síbẹ̀," ó ní. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn ń sọ ohun tó wà nínú ìwé ni.

Àwọn obìnrin sọ páànù kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ọ̀kan lórí èkejì. Nígbà tí mo padà dé Ìsọlọ̀, Bàbá Súlè nìkan ni kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ojú ọ̀run ló ń wò.

Ọjọ́ mẹ́ta ni òjò fi fún wa láyè. Bàbá Súlè gé imọ̀ ọ̀pẹ, ó rù ú wá láti fi bo orí ògiri, ọlọ́pàá lé e padà. Ó tún rù ú wá, wọ́n tún lé e. Nígbà kẹta, wọ́n mú un lọ sí àgọ́ wọn, wọ́n fi í síbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo kọ ìwé ẹ̀hónú lórí ìyẹn. Ìwé náà dùn gan-an. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin, òjò bẹ̀rẹ̀.

Ojoojúmọ́ ló ń rọ̀. Bàbá Súlè máa ń jókòó sábẹ́ igi ọdán tó kọjú sí ilé náà, aṣọ bora ní èjìká rẹ̀, kì í sá wọlé. Mo lọ dúró tì í lọ́jọ́ kan, torí mo rò pé ó yẹ kí n wà níbẹ̀. Sìmẹ́ńtì ara ògiri ti wú, ó ti là. Omi pupa ń jáde láti ibi tó là, ó ń ṣàn gba ojú ọ̀nà lọ sínú odò. Ògiri yàrá ìgbẹ̀bí ló kọ́kọ́ lọ. Mo ti rò pé yóò pariwo. Kò pariwo rárá. Ó kàn rọra jókòó sílẹ̀ bí ẹni tó ti rẹ̀.

"Ó ti lọ," Bàbá Súlè wí. Kò wojú mi.

Mo ń bẹ̀rù òjò ọ̀sán títí di òní. Bó bá ti ń kù, mi ò lè jókòó mọ́, mo máa dìde, mo máa lọ dúró lójú fèrèsé, kí n máa wo ògiri ilé àwọn aládùúgbò wa. Ìyàwó mi rò pé aṣọ tí a sá ni mò ń wò. Búlọ́ọ̀kù ni gbogbo ilé yẹn, mo mọ̀, síbẹ̀ ọkàn mi kì í balẹ̀ títí òjò á fi dá.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Ká sọ òótọ́, lọ́yà tí ẹgbẹ́ wa gbà dáńgájíá. Adájọ́ gbọ́ tẹnu wa, ó gbọ́ ti káńsù, ó wá dájọ́ pé káńsù kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wó ilé ìwòsàn náà láìgbọ́ tẹnu àwọn ará ìlú. Ó kà á léèwọ̀ fún wọn. Lọ́yà káńsù dìde, ó tẹríba, ó ní, "A fara mọ́ ọn, Olúwa mi. A ò ní wó o." Mo rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

A ti jàre. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbé mi lé èjìká láti iwájú kóòtù, wọ́n ń kọrin ìṣẹ́gun. Orí èjìká wọn ni mo wà tí mo ń ronú òkìtì amọ̀ tó wà ní Ìsọlọ̀. Mi ò ní kí wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, àwọn lébìrà káńsù kó ṣọ́bìrì wá, wọ́n kó amọ̀ náà lọ. Kíkó amọ̀ kì í ṣe wíwó ilé, kò sí ẹjọ́ tí a lè pè. Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e ni pẹ́tẹ́ẹ̀sì wọn dìde. Wọ́n gbé Màmá Nọ́ọ̀sì lọ sí ìlú mìíràn, àwọn aboyún Ìsọlọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ lọ́rì lọ sí ọ̀nà jíjìn. Mo mọ méjì nínú wọn tí kò padà wálé.

Nígbà tí ìbò dé, mo ti wọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Mo gun àga ní ọjà Ìsọlọ̀, mo fi ohùn tí ẹ ti mọ̀ yẹn ké pé, "Wọ́n wó ilé ìwòsàn yín! Ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù, wọ́n wó o!" Ọjà dàrú fún ariwo. Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Èmi kò tiẹ̀ pàtẹ rẹ̀. Láàárín èrò ni mo ti rí Bàbá Súlè, ó dúró, ó gbọ́ ọ tán, ó yí padà. Ẹgbẹ́ wa wọlé. Gbogbo ènìyàn gbà pé ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn yẹn ló mú wa wọlé.

Mo lọ kí i nílé lẹ́yìn ìbò. Ó fún mi lómi mu.

"Akọ̀wé, ta ni 'wọ́n'?"

"Káńsù ni, Bàbá. Ká ní wọn ò gba ìwé kóòtù yẹn ni..."

"Káńsù fẹ́ wó o, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ṣí i lórí?"

Mo gbé ife omi sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú sí mi, ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Mi ò bínú sí ọ. O fẹ́ràn wa, o kàn ń kánjú ni. Ṣùgbọ́n bó o bá tún gun àga, sọ ọ́ bó ṣe rí. Àwọn ọmọ tó ń bọ̀ náà máa ní ilé tí wọ́n fẹ́ gbà sílẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé apá kan là ń ṣí."

Mo ṣèlérí fún un. Mo gun àga tí kò níye lẹ́yìn ìyẹn, mi ò sọ ọ́ rí. Bàbá kú kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n ṣe àdúrà fún un, wọ́n ní kí èmi tí mo jẹ́ ẹni ńlá sọ̀rọ̀ díẹ̀. Mo ní akọni ni olóògbé, pé ó fi ojú ara rẹ̀ rí bí ìjọba ṣe wó ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́. Súlè ọmọ rẹ̀ jókòó níwájú mi, ó tẹjú mọ́lẹ̀, ó ní àmín.

Àwọn tó ní kí n kọ ìwé yìí fẹ́ kí n sọ ohun tí ìjà wa mú wá, torí náà ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú. A jèrè ìdájọ́ kan, àwọn ẹlòmíràn sì ti fi í gba ilé tiwọn sílẹ̀ lẹ́yìn wa. Inú mi dùn sí ìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti àgbẹ̀ Ìsọlọ̀ di ọ̀rẹ́. Ohun tí a pàdánù, mo ti sọ ọ́. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì káńsù náà kò sí mọ́, ọ̀nà ọkọ̀ ti gba ibẹ̀ kọjá, kò sì sẹ́ni tó bá a ké. Àwọn èwe tó ń kọ ìtàn àdúgbò náà ti kọ ọ́ pé ìjọba wó ilé ìwòsàn, torí ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Gbèsè tó wà lọ́rùn mi ni kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Káńsù fẹ́ wó ilé náà, wọn ò sì ní kọ̀ láti wó o, ṣùgbọ́n àwa la ṣí i lórí, èmi ni mo pàṣẹ, ẹni tó mọ amọ̀ sì ti kìlọ̀ fún mi. Gbèsè kejì, mi ò lè san án mọ́: mi ò béèrè orúkọ bàbá Bàbá Súlè rí.

Kí n tó fi ìwé yìí síta, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Súlè. Òun náà ti di arúgbó. Mo kà á sí i létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Ẹ ṣé, sà," ó ní. "Bàbá ti sọ fún mi láti ọjọ́ tẹ́ ẹ wá kí wọn lẹ́yìn ìbò pé àwọn kìlọ̀ fún yín. Wọ́n ní ká má jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé a mọ̀, kẹ́ ẹ lè fẹnu ara yín sọ ọ́. Wọ́n ní ká dúró dè yín."